Òrí Ṣakí: Igi Tó Wà Lẹ́yìn Ìpara Rẹ

Ẹ yí ike ìpara yín padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí "shea butter" níbẹ̀, òrí ni wọ́n ń wí, òrí tí ìyá àgbà fi ń ra wá lára nígbà ọyẹ́.

Òrí kì í ṣe nǹkan àná. Lọ́dún 1352, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, dé ilẹ̀ Málì. Ó kọ ọ́ pé wọ́n ń fún òróró lára èso igi kan níbẹ̀, wọ́n ń fi í se oúnjẹ, wọ́n ń fi í tan fìtílà, wọ́n sì ń fi í pa ara. Igi òrí ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń sọ.

Igi yìí kan náà ló wà ní ọ̀dàn Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí. Nígbà òjò, àwọn obìnrin á ṣa èso rẹ̀. Wọ́n á se kóró rẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fọwọ́ pò ó mọ́ omi títí ọ̀rá á fi léfòó.

Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó kóró òrí tútù lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa ṣe òrí nílé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sun èédú ṣì ń gé igi náà. Igi tí wọ́n gé lọ́jọ́ kan, ó tó ọdún 15 sí 20 kí irú rẹ̀ tó so.

Bí igi bá tán, kí ni ìyá àgbà ọ̀la á fi ra ọmọ lára?