Ọ̀nà Odò Ògùn àti Ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó: Láti Ìṣẹ̀rì dé Èbúté Èrò

Ìfáàrà

Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń sọ ìtàn Èkó, òkun ni wọ́n máa ń kọjú sí. Wọn a sọ̀rọ̀ nípa àwọn Potogí, nípa ọkọ̀ ńláńlá àwọn Òyìnbó àti nípa bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba ìlú náà lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé òkè odò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Odò Ògùn, tí ó ṣàn wá láti agbègbè Ṣakí, tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá, tí ó sì wọ inú ọ̀sà Èkó, ni ọ̀nà tí ìtàn sọ pé àwọn tí ó tẹ Ìsàlẹ̀ Èkó dó gbà dé. Òun náà ni ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọ̀nà tí ó bọ́ ìlú náà kí rélùwéè tó dé.

Odò gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àwọn baba ńlá

Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Àwórì sọ pé nígbà tí Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, àwo kan tí ó léfòó lórí omi ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń tọ̀ lẹ́yìn. Ìṣẹ̀rì, létí Odò Ògùn, ni àwo náà rì sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì tẹ̀dó. Gbólóhùn "àwo ti rì" ni wọ́n sọ pé ó di Àwórì. Láti Ìṣẹ̀rì ni wọ́n tún ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìdó. Arómirẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ọlọ́fin, ni ó dá oko ata sí erékùṣù tí ó kọjú sí Ìdó. Orí ilẹ̀ oko náà ni ìtàn sọ pé Ìga Ìdúngànran, ààfin Ọba Èkó, dúró sí títí di òní. Bí a kò tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ àwo náà gbọ́ bí ó ti rí, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ọ̀nà ni ìtàn náà ń yà sílẹ̀ fún wa, ibùdó kan tẹ̀ lé òmíràn títí dé ọ̀sà. Orúkọ Èbúté Èrò pàápàá jẹ́rìí sí i, èbúté tí àwọn èrò ń gúnlẹ̀ sí.

Ẹrú, ẹrù àti owó bodè

A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́. Ṣáájú ọdún 1851, ènìyàn jẹ́ ọjà ní Èkó, wọ́n sì ń kó wọn gba ilẹ̀ àti omi wá láti òkè. Nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì Ìjọ C.M.S., kọ́kọ́ lọ sí Abẹ́òkúta ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1843, Àgbádárìgì ni ó gbà, kì í ṣe Èkó. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè, epo pupa àti òwú bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ẹrú. Nígbà òjò tí odò bá kún, ọkọ̀ a máa ná Aró ní Abẹ́òkúta sí Èkó; bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi fà, orí àwọn alárùú ni ẹrù ń gbé. Ẹfúnróyè Tinúbú mọ ìdí ọ̀nà yìí. Nígbà tí wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, Abẹ́òkúta ni ó lọ, òwò rẹ̀ kò sì kú.

Ẹni tí ó bá di ọ̀nà mú, ọ̀nà ọ̀fun Èkó ni ó dì mú. Àwọn Ẹ̀gbá mọ èyí dájú. Ní ọdún 1865, ìgbìmọ̀ ìṣọ̀kan àwọn Ẹ̀gbá tí G. W. Johnson jẹ́ òpómúléró rẹ̀ gbé e kalẹ̀ pé àwọn yóò máa gba owó bodè lórí ẹrù tí ń lọ sí Èkó. Ọdún yẹn kan náà ni Gómìnà Glover rán ọmọ ogun lọ sí Ìkòròdú láti lé ogun Ẹ̀gbá tí ó dó ti ìlú náà. Ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n lé àwọn Òyìnbó jáde. Ní ọdún 1892, nígbà tí wọ́n tún ti ọ̀nà, ọjà Èkó dákẹ́. Àdéhùn tí Gómìnà Carter bá wọn ṣe ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1893 fi hàn kedere ohun tí ìjọba ń wá: kí ọ̀nà wà ní ṣíṣí, kí Ẹ̀gbá sì máa jẹ́ òmìnira wọn. Bí ó bá jẹ́ pé òkun nìkan tó Èkó í jẹ, kí ni ìjọba ń bẹ̀ ọ̀nà sí?

Rélùwéè àti ìyípadà

Ìdáhùn ìjọba ni rélùwéè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Kò tẹ̀ lé odò; Agége àti Ìfọ̀ ni ó gbà kí ó tó tún pàdé Odò Ògùn ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1901 kan náà ni wọ́n ṣí Afárá Carter láti Ìdó sí erékùṣù. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ojú irin kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù gba orí afárá náà lọ sí èbúté àwọn aṣọ́bodè, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1933. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún Ìsàlẹ̀ Èkó ni pé ẹrù òkè ti ń gba ẹ̀gbẹ́ Èbúté Èrò kọjá láìdúró. Ọjà náà kò parẹ́, ṣùgbọ́n agbára kúrò lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ àti oníbodè, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba.

Àgbálọgbábọ̀

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Odò Ògùn kò gbẹ, àwa ni a gbàgbé rẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 gba ẹ̀bá Ìṣẹ̀rì kọjá, àwọn tí ń sáré lórí rẹ̀ kì í sì í sábà rántí pé ọ̀nà àgbà ni omi tí ó wà nísàlẹ̀. Ìgbà tí omi bá kún, tí wọ́n sì tú omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀, tí ilé rì ní agbègbè Ìṣẹ̀rì, ni odò máa ń rán wa létí ara rẹ̀. Àbá wa ni pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àti èdè Yorùbá tọ àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìṣẹ̀rì àti Àgbóyì lọ, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn èbúté kéékèèké ojú ọ̀nà yìí sílẹ̀. Afárá ṣeé tún ṣe bí ó bá wó. Ẹnu àgbà tí ó bá pa dé kò ṣeé ṣí mọ́.