Windows Àtijọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Alágbèéká: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Mùsùlùmí Mọ̀

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà fún àwọn ọmọ. Ó ń tàn, ó ń tẹ̀wé, Àlùkùránì tí a gbà sórí rẹ̀ ń dún dáadáa, nítorí náà a kì í béèrè Windows wo ló wà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú ná-an-dúná-an-dúrà.

Windows ni ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ènìyàn ló kọ ọ́, kò sì lè ṣàì ní àṣìṣe. Àṣìṣe mìíràn dà bí ihò lára ògiri tí olè lè gbà wọlé. Microsoft tó ni Windows máa ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ lóṣooṣù láti dí àwọn ihò náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bẹ tí wọ́n ń dáwọ́ dúró. Wọ́n dáwọ́ dúró lórí Windows XP ní oṣù kẹrin ọdún 2014, lórí Windows 7 ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, lórí Windows 8.1 ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àti lórí Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Kọ̀ǹpútà náà kò ní kú lọ́jọ́ yẹn. Ihò tí wọ́n bá rí lẹ́yìn rẹ̀ ni kò ní dí mọ́. Èyí tó tún burú ni pé bí Microsoft bá tún Windows 11 ṣe, àwọn olè máa ń yẹ àtúnṣe náà wò láti mọ ibi tí ihò wà, wọn á sì lọ wá irú rẹ̀ lára ti àtijọ́.

Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa káàkiri ayé, ó ní kí wọ́n san 300 dọ́là kí òun tó ṣí i. Àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ìlú Ọba fara gbá a, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn ni kò sì rí dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wọn. Àtúnṣe ihò yẹn ti jáde láti oṣù kẹta. Windows 7 tí wọn kò fi àtúnṣe náà sí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó o. Oṣù méjì péré nìyẹn o! Windows 7 tó wà nílé ẹlòmíràn nínú wa ti lé ní ọdún márùn-ún láìrí àtúnṣe. Ètò apa-fáírọ́ọ̀sì wúlò, àmọ́ kì í dí ihò.

Láti mọ ti yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ winver, kí ẹ tẹ Enter. Bó bá jẹ́ Windows 10, Microsoft gbà kí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ máa rí àtúnṣe gbà títí di oṣù kẹwàá ọdún 2026. Windows 11 kò gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018. Fún irú wọn, Linux Mint dára: ọ̀fẹ́ ni, ó ń rí àtúnṣe, LibreOffice tí a fi ń tẹ̀wé sì wà nínú rẹ̀.

Akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ àsàlátù ni a ń bá wí jù. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti owó ìjọ jẹ́ àmánà lọ́wọ́ wọn, kò yẹ kí wọ́n fi Windows 7 wọ báńkì. Ẹni tí kò bá tíì lágbára láti pààrọ̀ rẹ̀, kó yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó máa fi tẹ̀wé tàbí gbọ́ wáàsí, kó sì da fáìlì rẹ̀ sórí fíláàṣì tí kì í fi sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà náà.