Kì í Ṣe Job Charnock Ló Tẹ Ìlú Kolkata Dó

Àlejò tó bá tẹ̀ lé àwọn tó ń mú ènìyàn rìn kiri ìlú Kolkata, ní ìlà-oòrùn Íńdíà, kò ní pẹ́ gbọ́ orúkọ Job Charnock. Wọ́n á ní oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì yìí ló gúnlẹ̀ sí etí odò Hooghly ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1690, pé ẹrọ̀fọ̀ àti igbó kìjikìji ló bá níbẹ̀, àti pé òun ló sọ ibẹ̀ di ìlú. Ìtàn náà dùn létí. Ó ní ọjọ́, ó ní akọni, kò sì ṣòro láti rántí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 1990, ìlú ṣe àjọyọ̀ ọdún 300 tó ti wà láyé, láti ọjọ́ tí Charnock sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì ti ka ọdún náà.

Òótọ́ ni pé ọkùnrin náà gúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Pé òun ló tẹ ìlú dó ni kì í ṣe òótọ́.

Inú àkọsílẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ East India Company, ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, tó wà pẹ̀lú Charnock a máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé nǹkan bí ọ̀sán gangan ni àwọn dé abúlé Sutanuti, pé òjò ń rọ̀ tọ̀sán-tòru, àti pé kò sí ohunkóhun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ tí àwọn lè fi ṣe ibùwọ̀. Ibi tí wọ́n ti gbé rí ni wọ́n padà sí. Charnock ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní ìparí ọdún 1686, ó tún padà wá ní 1687, kó tó di pé ogun àti ìjà pẹ̀lú àwọn aláṣẹ Mughal tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà náà lé e kúrò. Ìgbà kẹta tó máa dé ibẹ̀ ni ti ọdún 1690 tí wọ́n sọ di ọjọ́ ìbí ìlú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ ló ń padà sí? Ọjà ni. Sutanuti ní ọjà òwú àti aṣọ tó ti gbajúmọ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dé. Oníṣòwò tó wá ra aṣọ ni Charnock, kò sì sí oníṣòwò tí í lọ ra aṣọ nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ náà ní ìtàn tiwọn. Satgaon ni èbúté ńlá ilẹ̀ Bengal tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n yanrìn dí odò Saraswati tó gba ibẹ̀ kọjá, ọkọ̀ ńlá kò sì lè wọlé mọ́. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn ìdílé oníṣòwò aṣọ tí à ń pè ní Basak àti Seth kó kúrò ní Satgaon wá sí Gobindapur, abúlé kan nítòsí Sutanuti. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n kọ́lé, ọjà òwú Sutanuti sì gbilẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ wọn. Bí a bá ń wá ẹni tó ṣán igbó ibẹ̀ ní tòótọ́, àwọn nìyẹn.

Ní òdìkejì odò, ní Betor, àwọn Potogí ń ṣòwò tiwọn. Cesare Federici, oníṣòwò ará Venice tó gba ibẹ̀ kọjá ní àwọn ọdún 1560, kọ ohun tó ṣe é ní kàyéfì sílẹ̀: lọ́dọọdún, bí ọkọ̀ bá ti dé, wọ́n á fi koríko kọ́ odindi abúlé, ilé àti ṣọ́ọ̀bù lóríṣiríṣi. Tí ọkọ̀ bá ti lọ, wọ́n á dáná sun gbogbo rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí Charnock tó dé tí òwò ti ń lọ tó ti ń bọ̀ lórí omi yìí.

Orúkọ Kalikata, abúlé kẹta tó para pọ̀ di ìlú náà, wà nínú Ain-i-Akbari, ìwé tí Abul Fazl kọ nípa ìjọba Akbar, ọba Mughal, ní òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ibi tí wọ́n ti ń ka àwọn àgbègbè tó ń san owó-orí fún ọba ni wọ́n ti dárúkọ rẹ̀. Ìjọba kì í sì gba owó-orí lọ́wọ́ ẹrọ̀fọ̀. Àwọn kan a tún máa tọ́ka sí ewì Manasa Vijay ti ọdún 1495, ṣùgbọ́n ẹ̀rí yẹn kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn onímọ̀ kan gbà pé ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fi orúkọ Kalikata kún un. Bákan náà ni òkúta ibojì obìnrin Àméníà kan, Rezabeebeh, tó wà ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Àméníà ní àríwá ìlú. Ọdún 1630 ni wọ́n kà lára rẹ̀, àwọn òpìtàn kan sì ń jiyàn lórí ìkàwé náà. Ẹ jẹ́ ká fi méjèèjì sílẹ̀. Ìwé owó-orí Akbar nìkan tó láti dá ẹjọ́ náà.

Síbẹ̀, ìwé tó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ ni ti ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1698. Charnock ti kú nígbà náà, kò tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó gúnlẹ̀. Ọkọ ọmọ rẹ̀, Charles Eyre, ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ san 16,000 rúpì kí Azim-us-Shan, ọmọ ọmọ ọba Mughal, tó fún wọn ní àṣẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n san 1,300 rúpì fún ìdílé Sabarna Roy Choudhury, àwọn zamindar tí ọba fún ní ẹ̀tọ́ láti máa gba owó ilẹ̀ lórí Sutanuti, Gobindapur àti Kalikata. Ẹ̀tọ́ owó gbígbà yẹn ni wọ́n rà, kì í ṣe ilẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa san owó ọdọọdún fún ìjọba Mughal. Ta ló wá rí ayálégbé tó san owó ilé tán, tó ní òun lòun kọ́ ilé?

Báwo ni ìtàn irú èyí ṣe wá fìdí múlẹ̀? Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bá lára mu. Bí Kolkata bá jẹ́ igbó kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, kò sí ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, akéwì Gẹ̀ẹ́sì Rudyard Kipling fi ewì gbé èrò náà káàkiri, bí ẹni pé ibi tí Charnock ti dúró sinmi lọ́sàn-án kan ló ṣèèṣì di ìlú. Ibojì ọkùnrin náà, ilé olórígun mẹ́jọ kékeré tó wà ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì St John's, tún gba ọlá tirẹ̀ nígbà tí onímọ̀ òkúta kan, Thomas Holland, sọ irú òkúta tí wọ́n fi bo ibojì náà ní charnockite ní 1893. Báyìí ni orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé sáyẹ́ǹsì gbogbo ayé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kolkata gan-an kò mọ orúkọ Basak kan ṣoṣo.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá. Èyí ju ogún ọdún lọ dáadáa. Àwọn ọmọ ìdílé Sabarna Roy Choudhury àti àwọn mìíràn ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ìlú náà, ilé-ẹjọ́ sì ní kí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìtàn yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003, ìdájọ́ jáde: Charnock kọ́ ló tẹ Kolkata dó, ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ kì í sì í ṣe ọjọ́ ìbí ìlú.

Àwọn tó ṣì di ìtàn àtijọ́ mú ní àwíjàre kan tó yẹ kí a gbọ́. Wọ́n ní abúlé mẹ́ta kì í ṣe ìlú ńlá. Pé bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá dé, abúlé náà ni ì bá ṣì jẹ́. Lóòótọ́ ni Kolkata di olú-ìlú Íńdíà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1911 tí wọ́n kéde pé Delhi ló kàn. Ṣùgbọ́n mímú ìlú gbòòrò yàtọ̀ sí títẹ ìlú dó, Charnock kò sì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìgbòòrò náà pàápàá kì í ṣe ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ogun Plassey ní 1757, wọ́n kó àwọn ará Gobindapur kúrò lórí ilẹ̀ wọn kí wọ́n lè rí àyè kọ́ odi Fort William tuntun. Pápá gbalasa Maidan tí àwọn àlejò ti ń ya fọ́tò lónìí, tí Victoria Memorial onímábù funfun sì dúró sí ìpẹ̀kun rẹ̀, apá kan ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n lé abúlé kan lọ ni.

Ilé-ẹjọ́ kò sì fi olùdásílẹ̀ mìíràn rọ́pò Charnock, ohun tó sì tọ́ nìyẹn. Àwọn Roy Choudhury kọ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn Basak àti Seth náà kọ́. Ọwọ́ púpọ̀ ló kọ́ Kolkata, kò sì ní ọjọ́ ìbí.

Fún ẹni tó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, àríwá ìlú ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, ní Kumartuli, àdúgbò àwọn tó ń mọ ère, nínú ibi tó jẹ́ Sutanuti nígbà kan. Nínú ọgbà tóóró, ọkùnrin kan á fi ọparun ṣe egungun ère, á di koríko gbígbẹ mọ́ ọn títí yóò fi ní èjìká àti ikùn, lẹ́yìn náà ni yóò máa fi amọ̀ odò rẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele, tí yóò sì jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kó tó fi òmíràn lé e. Ojú ni wọ́n ń kùn kẹ́yìn. Láti ibẹ̀, kó lọ sí Kalighat, tẹ́ńpìlì òrìṣà Kali tí owó ìdílé Roy Choudhury kún ara ohun tí wọ́n fi kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ní 1809. Kó wá lọ sí Barisha ní gúúsù, níbi tí òpó àtijọ́ gbọ̀ngàn ìdílé náà ṣì dúró sí, tí wọ́n sì sọ pé láti 1610 ni àwọn ti ń ṣe ọdún òrìṣà Durga níbẹ̀, ọgọ́rin ọdún ṣáájú ọkọ̀ Charnock.

Kó lọ sí St John's náà. Ibojì Charnock yẹ ní wíwò, ìtàn òwò Gẹ̀ẹ́sì ní Bengal kò sì pé láìsí i. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń mú un kiri bá ní ọkùnrin tó sùn síbẹ̀ ló tẹ ìlú dó, kó fi sùúrù sọ fún un pé ilé-ẹjọ́ ìlú náà ti dá ẹjọ́ yẹn láti 2003, kó sì ní kó mú òun lọ sí Barisha.