Iyọ̀ Etí Ọ̀sà: Ìmọ̀ Tó Wà Nínú Apẹ̀rẹ̀ Àwọn Ìyá Wa

Bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ nílé Yorùbá ní Lomé, iyọ̀ kì í gbẹ́yìn nínú ohun tí a fi ń ṣe àdúrà. Síbẹ̀, a kì í sábà bèèrè ibi tí àwọn baba ńlá wa ti ń rí iyọ̀ kí ọkọ̀ òkun tó máa kó o wá láti Yúróòpù.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń se iyọ̀ ní etí òkun wa. Willem Bosman, oníṣòwò ará Holland, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ tí í ṣe Gánà lónìí, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1704. Ní ìhà Grand-Popo àti Ouidah, ní Benin tó múlé gbè wá, àwọn obìnrin ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọn kì í kàn bu omi kí wọ́n sì gbé e kaná.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn a fa omi etí ọ̀sà gbẹ, iyọ̀ a sì kù sára erùpẹ̀. Àwọn ìyá wọ̀nyí a ha erùpẹ̀ náà, wọn a kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọn a sì da omi sí i. Iyọ̀ a yòrò, iyanrìn kì í yòrò. Omi iyọ̀ tó ki a máa kán sínú ìkòkò nísàlẹ̀. Omi yìí ni wọ́n ń sè.

Kí ni èrè apẹ̀rẹ̀ náà? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Lítà 1 omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú. Ẹni tó bá fẹ́ kílò 1 iyọ̀ yóò se ju lítà 28 lọ. Ká ní omi abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ní gíráàmù 200 nínú lítà 1, lítà 5 péré ti tó.

Síbẹ̀, iná kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Gíráàmù 100 omi lè yòrò nǹkan bíi gíráàmù 36 iyọ̀ bí ooru rẹ̀ bá jẹ́ 25 °C. Bí ó bá ń hó, kò ju nǹkan bíi 39 lọ. Nítorí náà, bí a bá jẹ́ kí omi iyọ̀ gbígbóná tutù, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò jáde. Àfi kí omi gbẹ.

Igi ni iná yìí sì ń jẹ, pàápàá àwọn igi onígbòǹgbò gíga tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, níbi tí ẹja ti ń pamọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ báyìí, kí oòrùn lè ṣe iṣẹ́ iná.

Àwa olùkọ́ a máa kọ ẹ̀kọ́ yìí sójú pátákó bí ẹni pé òkèèrè nìkan ló ti wá. Ẹ jẹ́ kí a gbé agolo onísàlẹ̀ lílu, iyanrìn àti iyọ̀ wọ kíláàsì. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya iyọ̀ kúrò lára iyanrìn yóò mọ ohun tí ìyòrò jẹ́, yóò sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wa.