Ọta Márùn-ún Nínú Ìbọn Ọlọ́ta Mẹ́fà

 Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo fíìmù káòbọ́ì tí a jọ ń wò ní kọ́mọ̀n rúùmù kí iná tó lọ, ọta mélòó lẹ rò pé ó wà nínú ìbọn tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí yẹn? Ẹ ó ní mẹ́fà. Ihò mẹ́fà ló kúkú ní, ta ló máa fi ọ̀kan sílẹ̀ lófìfo nígbà tí ọ̀tá ń bọ̀ lórí ẹṣin? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àṣé ẹni tó bá mọ ìbọn yẹn dáadáa, márùn-ún ló ń kó sí i. Ihò kẹfà, òfìfo ni. Nítorí ihò kan ṣoṣo yẹn ni mo ṣe kọ àròkọ yìí, torí ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa.

Ní ọdún 2022, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì olóṣù mẹ́jọ yẹn dá gbogbo wa jókòó sílé, bàbá mi fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò wọn ní Texas. Dádì Texas là ń pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í pariwo. Àpótí irin gàgàrà kan wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé wọn. Èmi rò pé dọ́là ló wà ńbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ìbọn ni mo rí! Ìbọn ìléwọ́ mẹ́fà, ti àtijọ́ ni gbogbo wọn. Díẹ̀ ló kù kí n sá jáde. Ṣebí ẹ mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa níbí. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ Ààrẹ. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa, ìsọ̀rí míì ló wà. Ṣùgbọ́n ní Texas, bí àwọn kan ṣe ń kó sítáǹbù jọ ni àwọn míì ń kó ìbọn àtijọ́ jọ.

Mo bi wọ́n pé èwo ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n mú ọ̀kan tó ti ṣú, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. "Èyí. Colt ni. 1891 ni wọ́n ṣe é." Mo ní kí ló dé tí wọn ò fi í dán. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó bá fi nǹkan fọ ìbọn àtijọ́ títí ó fi ń dán, ó ti fọ owó rẹ̀ dànù. Ohun tí àwọn olùkójọ ń wò ni bóyá àwọ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà lára rẹ̀, àti bóyá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún bára mu. Ẹni tó bá fẹ́ lè sanwó fún ilé iṣẹ́ Colt kí wọ́n wo ìwé wọn àtijọ́, kí wọ́n kọ ọ́ fún un pé ọjọ́ báyìí ni ìbọn náà jáde, ibi báyìí ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí.

Samuel Colt tí ìbọn yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọmọ Hartford ni, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ọdún 1814 ni wọ́n bí i. Ní 1836, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìbọn tí ilé ọta rẹ̀ ń yí. Láyé ìgbà yẹn, ìbọn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní, bí o bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, o máa tún un kì ni: ẹ̀tù, ọta, ọ̀pá ìkìbọn, bí àwọn ọdẹ wa ṣe ń ki ṣakabùlà gẹ́lẹ́. Kí o tó kì í tán, ẹran ti lọ, tàbí ọ̀tá ti dé. Ohun tí Colt ṣe ni pé ó mú irin rọ̀bọ̀tọ̀ kan, ó lu ihò sí i yíká, ọta kọ̀ọ̀kan nínú ihò tirẹ̀. Bí o bá fi àtàǹpàkò fa òòlù ìbọn sẹ́yìn, irin yẹn á yí, ihò tuntun á bọ́ sí iwájú òòlù. Bí ìka bá wá fà á nísàlẹ̀, òòlù á já lulẹ̀, ìbọn á dún. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìka ń ṣe, kó tú òòlù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe irú rẹ̀ ní single action. Àtàǹpàkò ló ń ṣe ìyókù.

Ọjà Colt kò kọ́kọ́ tà o. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Paterson, ní New Jersey, kógbá sílé ní 1842. Ogun Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò ló gbà á sílẹ̀. Ọ̀gágun kan, Samuel Walker, tó ti wà nínú àwọn Texas Rangers rí, bá a gbìmọ̀ ìbọn ńlá kan, ìjọba sì ní kó ṣe 1,000 fún àwọn ní 1847. Ìbọn náà wúwo ju kílò méjì lọ. Walker fúnra rẹ̀ kú sójú ogun lọ́dún yẹn kan náà. Colt náà kú ní 1862, kò rí èyí tó wá lókìkí jù lọ. Ọdún 1873 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé Single Action Army jáde, tí ń lo kátíríìjì .45. Àwọn ológun kọ́kọ́ ra 8,000. Láti ìgbà náà títí ogun àgbáyé kejì fi bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe ju 350,000 lọ. Àwọn tó ń tà á sọ ọ́ ní Peacemaker, ìyẹn ni pé olùwá-àlàáfíà ni. Ìbọn o! Ẹ ò rí nǹkan.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Imú òòlù Colt yẹn ṣe ṣóńṣó. Bí òòlù bá sinmi, ṣóńṣó yẹn ò ju orí ìdí ọta lọ. Eyín kékeré kan wà nínú ìbọn náà tó yẹ kó gbé òòlù sókè díẹ̀ kó má kan ọta, ṣùgbọ́n eyín náà tín-ín-rín. Bí ìbọn bá já bọ́, tí òòlù fi orí gbálẹ̀, eyín á kán, ìbọn á dún. Kò sí ẹni tó fà á o. Ní oṣù kìíní ọdún 1876, ọlọ́pàá kan jókòó ní yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí ní Wichita, ní Kansas. Ìbọn yọ́ bọ́ nínú àpò rẹ̀, òòlù gbá àga, ó dún gbàù! Ìwé ìròyìn ìlú náà kọ ọ́ pé ọta gba inú kóòtù ọlọ́pàá náà kọjá, ó lu ògiri, ó sì gba àjà jáde. Orúkọ ọlọ́pàá náà ni Wyatt Earp, ẹni tí fíìmù wá sọ di akọni láàárín àwọn akọni. Tí ọta yẹn bá yà díẹ̀ sí i, a ò bá má gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ni àwọn tó gbọ́n bá dá ọgbọ́n. Kí òòlù sinmi lórí ihò òfìfo. Bí ìbọn bá já bọ́ nígbà náà, afẹ́fẹ́ ni òòlù máa gbá.

Dádì mú mi lọ sí pápá ìyìnbọn ní ọjọ́ Sátidé kan. Òfin Amẹ́ríkà kò gba àlejò onífísà bíi tèmi láàyè láti di ìbọn òde òní mú, àfi bó bá ní nǹkan bíi ìwé àṣẹ ọdẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1899, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò kà á sí ìbọn rárá. Nítorí náà, Colt 1891 yẹn nìkan ni wọ́n fún mi. Wọ́n dé mi létí, wọ́n fi gíláàsì bò mí lójú. Wọ́n wá kọ́ mi: fa òòlù dé ìdajì, ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lápá ọ̀tún, ki ọ̀kan, fo ọ̀kan, ki mẹ́rin. Fa òòlù dé òpin, dì í mú, rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó o bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ihò òfìfo ló máa bọ́ sábẹ́ òòlù. Ẹ lọ kà á, ẹ ó rí i. Nígbà tí mò ń fa òòlù, ó dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn olùkójọ máa ń ní orúkọ Colt ló ń pè, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀tù dúdú ni Dádì fi ń ki kátíríìjì rẹ̀, torí irin àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 1900 kò lágbára tó fún ẹ̀tù òde òní. Mo yìn ín. Èéfín funfun bo gbogbo iwájú mi, òórùn rẹ̀ wọ̀ mí nímú. Kíá ni mo rántí ìsìnkú bàbá àgbà, ọjọ́ tí àwọn ọdẹ yìnbọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo sọ fún Dádì. Wọ́n dákẹ́.

Ẹgbẹ́ kan wà lọ́hùn-ún tó ń múra bíi káòbọ́ì, tí wọ́n ń fi ìbọn àtijọ́ díje. Ọdún 1987 ni wọ́n dá SASS, ẹgbẹ́ wọn, sílẹ̀. Ọta márùn-ún nínú ìbọn ọlọ́ta mẹ́fà, òfin wọn ni. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ ìnagijẹ tirẹ̀. Ti Dádì, Ode Kekere ni. Mo rò pé àwàdà ni.

Nígbà tí a padà délé, wọ́n fi ìbọn kan hàn mí, Ruger Blackhawk, tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1960. Ruger ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ìbọn yìí ní 1953, bíi ti Colt náà, àti ewu òòlù yẹn náà. Ní 1973, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn ti Colt, wọ́n gbé tuntun jáde. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń dìde nígbà tí ìka bá fà á nìkan. Láìsí irin yẹn láàárín, òòlù kò lè kan ohun tó ń gún ọta. Ẹni tó bá ní ìyẹn lè kó mẹ́fà sí i láìsí ìbẹ̀rù. Láti 1982, ilé iṣẹ́ náà ní kí ẹni tó bá ní ti àtijọ́ fi í ránṣẹ́, àwọn á fi irin náà sí i lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn á sì dá irin àtijọ́ rẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkójọ kọ̀. Èyí tí sukúrúù mẹ́ta ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tú rí, òun ló ń pawó jù. Dádì fi tiwọn ránṣẹ́. Mo ní, "Ẹ ò wá pàdánù owó báyìí, sà?" Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé wa mọ̀ pé bàbá àgbà tiro. Ọdún 1978 ni ṣakabùlà wọn dún fúnra rẹ̀ nínú igbó, tó fọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ láti kékeré ni pé ayé ló ṣe é. Ìyàwó wọn kékeré, tí à ń pè ní Ìyá Òṣogbo, ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, torí òun àti bàbá ṣe gbólóhùn asọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí oṣù tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀, ó pọn ọmọ, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Wọn ò tún dárúkọ rẹ̀ nílé wa.

"Èmi ni mo tẹ̀ lé bàbá lọ sóko lọ́jọ́ náà," ni Dádì wí. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Wọ́n fi ìbọn ti igi, òòlù wà lórí kápù, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń gé ewé. Ìbọn yọ̀, òòlù fi orí sọ òkúta. Ojú mi ló ṣe. Mo sọ ọ́ nílé, wọ́n gbá mi létí, wọ́n ní kí ni ọmọdé mọ̀. N ò sọ ọ́ mọ́." Wọ́n ní lọ́jọ́ tí òyìnbó kan kọ́kọ́ sọ fún wọn ní pápá pé márùn-ún ni kí wọ́n máa kì, kí òòlù má baà sinmi lórí ọta, ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kó ìbọn olóòlù jọ.

Ní oṣù Kejìlá 2023, Dádì wálé, àwa méjèèjì sì lọ sí Òṣogbo. Ìyá ti darúgbó, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn ṣì jí pépé. Dádì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ro gbogbo ẹ̀, òkúta, kápù, òòlù. Ìyá gbọ́ títí.

"Àṣé irin ló ṣẹ̀," ni wọ́n wí, "tẹ́ ẹ ní kí ẹlẹ́ran ara jẹ́wọ́." Wọ́n tún dákẹ́ díẹ̀. "Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mi ò sọ pé kẹ́ ẹ lọ ra ìbọn o, òfin á gbé yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí nǹkan bá fọ́ nílé yín, kẹ́ ẹ tó wo ojú ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ òòlù wò. Bí ọmọdé kan bá sì ní òun wà ńbẹ̀, ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ire o.