Láti Orí Òkè Ìdànrè Dé Ìpàdé Àkúrẹ́: Ìtàn Àríyànjiyàn lórí Gírámà àti Èdè Ilé-Ìwé

Ní ọdún 1843, nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì fi gírámà ṣáájú rẹ̀, orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè ṣì ń gbé. Àpáta ni odi wọn, òun ló sì ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ogun tó ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá mọ òwe, tó mọ ìtàn, tó sì mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú Ọwá, ọba wọn, ni wọ́n ń pè ní ẹni tó gbọ́ èdè. Irú ogun tí àwọn ará Ìdànrè ń sá fún yìí ló kó Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìlú Freetown ni wọ́n gbé e lọ, níbi tí ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n gbà lóko ẹrú ti ń gbé pọ̀. Nítorí náà, òkèèrè ni gírámà Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn tí ohùn wọn kò dọ́gba, àríyànjiyàn sì ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Bí a ó ṣe kọ èdè náà sílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jà lé lórí. Àwọn kan fẹ́ kí á máa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn mìíràn fẹ́ àmì lábẹ́ lẹ́tà. Henry Venn, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, gbé ọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ Karl Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ibẹ̀ ni àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ti fìdí múlẹ̀. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, àwọn òǹkàwé sì rí èdè wọn nínú ìwé ìròyìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 1875, àwọn ìjọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá pàdé ní Èkó, Crowther ló jẹ́ alága, wọ́n sì fẹnu kò lórí àkọtọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí Bíbélì parí ní 1884, àkọtọ́ yìí ti di ti ọ̀pọ̀ ìjọ. Ọ̀yọ́ ni gbòǹgbò èdè inú rẹ̀, Ẹ̀gbá sì wà lára rẹ̀. Ìlú tó wà ní apá Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń pe ilé ní ulé, tí ìró gh sì wà lẹ́nu wọn, kò ní ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé náà.

Ọdún méje lẹ́yìn ìpàdé yẹn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá tirẹ̀ sí i. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sípò àkọ́kọ́ ní àwọn ilé-ìwé tó fẹ́ gba owó ìjọba, ìwé ìròyìn Èkó sì gbaná jẹ. Àwọn kan ní ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní rí iṣẹ́ akọ̀wé. Àwọn mìíràn ní ọmọ tí kò mọ èdè ìyá rẹ̀ kò ní rí ara rẹ̀. Àríyànjiyàn yìí ṣì gbóná nígbà tí ilé-ìwé àkọ́kọ́ dé orí òkè Ìdànrè, èyí tí ìtàn ìlú náà fi sí ọdún 1896. Ọmọ tó jókòó níbẹ̀ bá èdè mẹ́ta pàdé: ti ìyá rẹ̀ nílé, ti Bíbélì nínú ìwé, àti ti ìjọba ní iwájú. Ní 1923, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí Odòde, Aládé àti àyíká wọn. Àtẹ̀gùn tí àlejò ń gùn lónìí ló so ilé-ìwé àtijọ́ náà mọ́ ìlú tuntun.

Ìran àwọn tíṣà ló tẹ̀ lé e. Samuel Johnson ti ṣáájú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé gírámà. Ó parí ìwé náà ní 1897, ṣùgbọ́n 1921 ló tó jáde. Ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1928. Ní 1938, D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ni J. F. Ọdúnjọ gbé ìwé Aláwìíyé jáde fún àwọn ọmọ kéékèèké. Tíṣà ni adájọ́ èdè nígbà yẹn: ohun tó bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ sójú pátákó ni ìlú gbà pé ó tọ́.

Ìdájọ́ náà dé ìta gbangba nípasẹ̀ ẹni tí kò ka ìwé púpọ̀. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, fi ilé-ìwé sílẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó sì ń jíṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ní 1952, ilé-iṣẹ́ Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard tó kọ jáde, wọ́n sì fi púpọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Akéwì Dylan Thomas yìn ín. Àwọn ọ̀mọ̀wé Nàìjíríà kò yìn ín. Ní 1954, lẹ́tà wọ inú ìwé ìròyìn West Africa pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pé, pé ó ń dójú ti orílẹ̀-èdè tó ń múra òmìnira, pé ó sì fi ti Fágúnwà ṣe tirẹ̀. Ohun tó ń dùn wọ́n kò ṣòro láti lóye. Ìwé kíkà ni wọ́n fi jagun ọjọ́ iwájú, wọ́n sì rí ẹni tí kò kàwé tó wọn tó gba òkìkí kọjá wọn. Ọdún 23 kọjá kí Chinua Achebe tó lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn ní 1977, tó sì fi odidi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ìwé Tutùọlá yẹ̀ wò, tó kà á sí iṣẹ́ tó jinlẹ̀.

Láàárín èyí, iye àwọn tó lè dá sí ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Kòkó wà lára ohun tó gbé owó rẹ̀ wá, Ìdànrè sì jẹ́ ilẹ̀ kòkó. Ọmọ àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì wá ń ṣe ìdánwò gírámà.

Bí òǹkàwé ṣe ń pọ̀ ni àìdọ́gba àkọtọ́ ń hàn. Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé lórí àkọtọ́ jáde ní 1965, ó sì tẹ gírámà Yorùbá jáde ní 1966. Ní ọdún kan náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ àkọtọ́ kalẹ̀. Ìròyìn wọn jáde ní 1969, wọ́n sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní ní 1974. "Aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn", "nwọn" di "wọ́n", "sh" sì yọwọ́ fún "ṣ". Àwọn àgbà tí wọ́n ti fi àkọtọ́ Bíbélì ka ìwé láti kékeré kò gbà á kíákíá, ọ̀pọ̀ orúkọ ìlú àti ti ìdílé sì wà bí wọ́n ṣe wà títí dòní. Láàárín àwọn onímọ̀ èdè, Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ń bá ara wọn jiyàn lórí bí gírámà náà ṣe rí gan-an, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti àlàyé, ìjíròrò tó sì wúlò jù nìyẹn nínú gbogbo ìtàn yìí. Ní 1967, Wọlé Ṣóyínká pe ìwé ewì rẹ̀ ní Idanre. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́.

Ìdánwò tó tóbi jù bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́. Àwọn yòókù bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin. Nígbà tí wọ́n wọn èsì rẹ̀, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò gbẹ́yìn. Ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 fi èdè ìyá sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni yunifásítì ń bèèrè nínú èsì ìdánwò WAEC, èyí ló sì darí àwọn òbí. Ní ilé-ìwé aládàáni púpọ̀, ọmọ tó bá sọ fanákúlà ń jìyà tàbí ó ń san owó ìtanràn.

Fóònù gbé àríyànjiyàn náà jáde kúrò lọ́wọ́ tíṣà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kún Twitter, kí ilé-iṣẹ́ náà lè ka èdè náà mọ́ tirẹ̀. Ní oṣù kejì 2018, BBC bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ní Yorùbá, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe òfin ìdáàbòbò èdè náà. Lójú ìkànnì, ẹni tó fi àmì ohùn sílẹ̀ rí àbùkù, ẹni tó ṣi Gẹ̀ẹ́sì kọ náà rí i, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n sì fi ń na ara wọn.

Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè orílẹ̀-èdè, pé èdè ìyá ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2025, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ṣe ìpàdé rẹ̀ kọkàndínláàádọ́rin ní Àkúrẹ́, ìlú tí kò jìnnà sí Ìdànrè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fagi lé ìlànà náà. Minísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Àlàúsá, kéde rẹ̀ ní Abuja pé ìkùnà ọmọ pọ̀ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní ibi tí wọ́n ti ń fi èdè ìyá kọ́ni, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Èsì Modákẹ́kẹ́ ti wà nínú ìwé fún ohun tó lé ní ogójì ọdún nígbà tí wọ́n ṣe ìpinnu náà.