Ìwúkàrà tí a kì í fura sí: Àyẹ̀wò àwọn fúngọ́ọ̀sì tó ṣọ̀wọ́n nínú àrùn èékánná

Bí èékánná bá nípọn, tó pàwọ̀ dà, tó sì ń rún wómúwómú bí ẹfun, Trichophyton rubrum ni ọ̀pọ̀ dókítà kọ́kọ́ ń nàka sí. Wọn ò jayò pa, nítorí òun ló ń ba èékánná ẹsẹ̀ jẹ́ jù lọ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tí ọwọ́ wọn kì í kúrò nínú omi, bí alágbàfọ̀, ẹlẹ́ja àti àwọn tó ń fọ fùfú, ìwúkàrà (yeast) ló sábà máa ń wọlé sí èékánná ọwọ́. Candida albicans àti Candida parapsilosis ni a mọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í retí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé: Rhodotorula mucilaginosa, àwọn Trichosporon, Candida guilliermondii, Candida krusei àti Malassezia.

Wọn kì í ṣe àlejò. Rhodotorula wà nínú omi, nínú ilẹ̀, àti lára búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti bá a nínú omi ògì tó ń kan (kí ìyá ológì má bẹ̀rù o, ògì kọ́ ló ń ba èékánná jẹ́). Ara awọ gbogbo wa ni Malassezia ń gbé, òróró ara ló sì ń jẹ, débi pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀ kì í hù ní yàrá àyẹ̀wò àfi bí a bá da òróró sí i. Ìgbà tí omi bá ti rẹ awọ tó bo ìdí èékánná títí tó fi ṣí, tàbí tí abẹ oníṣẹ́ èékánná bá gé e kúrò, ni ará ilé ń di ọ̀tá. Àtọ̀gbẹ àti àìsàn tó ń sọ agbára ìdáàbòbò ara di ahẹrẹpẹ ń ṣílẹ̀kùn náà gbayawu.

Níbí ni ẹjọ́ ti le. Ohun tó wà níbi gbogbo, bí a bá bá a lórí èékánná, ṣé ẹ̀rí ẹ̀bi nìyẹn? Ẹni tí a bá lọ́jà lọ́jọ́ tí olè jà, a ò tíì lè pè é lólè. Kí a tó mú ẹ̀rí, sípírítì ni a ó fi nu èékánná náà, a ó gé orí rẹ̀ tó ti kú dànù, a ó wá ha ìyẹ̀fun abẹ́ rẹ̀ níbi tí àìsàn àti àlàáfíà ti pàdé. Potassium hydroxide yóò mú un rọ̀. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, a ó rí ìwúkàrà tó ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. A ó tún gbin díẹ̀ sórí àgà Sabouraud, oúnjẹ tí fúngọ́ọ̀sì ń hù lé lórí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Rhodotorula yóò yọ ní pupa iyùn, tútù, ó ń dán. Trichosporon yóò funfun, yóò hunjọ bí awọ arúgbó. Ní tèmi, ìwúkàrà tó ṣọ̀wọ́n kò jẹ̀bi àfi bí a bá rí i nínú máíkírósíkóòpù, tó dá hù láìsí dermatophyte (irú fúngọ́ọ̀sì bíi Trichophyton) pẹ̀lú rẹ̀, tó sì tún yọ nínú ẹ̀rí tí a mú lọ́jọ́ mìíràn.

Cycloheximide, oògùn tí a ń pò mọ́ àgà láti dá èbu dúró tún máa ń pa àwọn ìwúkàrà kan. Yàrá àyẹ̀wò tí kò bá lo àgà mìíràn tí kò ní in nínú lè kọ ọ́ pé ohunkóhun kò hù.

Oògùn ló jẹ́ kí orúkọ fúngọ́ọ̀sì náà ṣe pàtàkì. Griseofulvin tí wọ́n ti ń tà tipẹ́ kì í fọwọ́ kan ìwúkàrà. Terbinafine lágbára sí dermatophyte, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí Candida. Àbímọ́ ni Candida krusei fi ń kọ fluconazole, Rhodotorula náà kì í gbọ́ tirẹ̀. Itraconazole sábà máa ń ṣiṣẹ́ fún Candida nínú èékánná ọwọ́: mìlígírámù 200 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan lóṣù, fún oṣù méjì. Dókítà gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀dọ̀ àti ọkàn wò ṣáájú.

Èékánná ọwọ́ ń gùn ní nǹkan bíi mìlímítà 3 lóṣù. Ti ẹsẹ̀ kò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Bí ìwúkàrà bá tilẹ̀ ti kú, apá tó bàjẹ́ kò ní padà sípò. Títì ni èékánná tuntun yóò máa tì í jáde, fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ́wọ́, ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ń sọ̀rètí nù lóṣù kejì. Ìdí èékánná ni kí dókítà fi hàn wọ́n, níbi tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́ gaara ti ń yọ.